Ọmọbìnrin Onídán Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjà Bọ́ládé ni ọkọ mi ti ra géèmù náà, tòkunbọ̀ àtijọ́ láti Jàpáànù, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí a máa ń kì bọ inú rẹ̀. Kàtúùnù ni wọ́n ló kọ́kọ́ jẹ́ lọ́hùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ di géèmù. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń na ọ̀pá kékeré sókè, á yí pírí, aṣọ ilé-ìwé á di aṣọ oge, ìyẹ́ á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti há gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà sórí.

Ìyá ọkọ mi dé láti Èkìtì nígbà tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀. Mò ń fọṣọ lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án Sátidé nígbà tí wọ́n pè mí. Ohùn wọn kò ga. Bí màmá bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ọ̀ràn wà.

Mo bá ọmọ mi níwájú dígí, ó gbé ọmọrogùn sókè, ó ń yí, ó ń sọ èdè Jàpáànù rẹ̀ lọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" màmá bi í.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n ń dúró dè mí lókè."

Mo mọ àwọn tó ń wí: àwọn ọmọbìnrin méjì tí àjẹ́ inú géèmù tì mọ́lé gogoro. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, tó ní ọ̀rẹ́ ń dúró de òun lókè!

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Emèrè ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. A ń lọ sílé àdúrà báyìí. Kò ní fẹnu kan nǹkan títí Ọlọ́run á fi dá a sílẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, géèmù lásán ni."

"Géèmù? Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ra òkùnkùn wálé, ẹ tún wá so iná mọ́ ọn!"

Wọ́n ti ń di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Mo pe ọkọ mi, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo wo ọrùn ọmọ náà, bó ṣe tín-ín-rín. Ògì nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró níkùn rẹ̀, ààwẹ̀ wo ló fẹ́ gbà? Bí mo bá sì ní rárá, tí ibà yẹn bá padà wá, èmi ni ìyàwó tó gba ọmọ lọ́wọ́ àdúrà.

Mo fa kásẹ́ẹ̀tì náà yọ, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, bí ẹ̀mí kan bá wà, inú èyí ló wà. Ẹ gbàdúrà sí i. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n wá yọ òróró àdúrà nínú àpò wọn, wọ́n dà á sẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi ń kán sílẹ̀.

"Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń dúró de ọmọ yìí, ẹ kú! Ẹ kú dànù!"

"Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n má kú o!" ọmọ mi fi igbe ta.

Màmá yíjú sí mi, wọ́n ń retí àmín. Mo ṣe é. Wọ́n ní kò tíì ròkè tó. Mo tún un ṣe.

Wọ́n tú báàgì. Mo po ògì fún ọmọ mi. Ó mu ún tán, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun.