Ìwé Àlàáfíà àti Eérú Aró Ní Bẹ́yẹrúnkà

Ní Ògùnpa ni mo ti ra ìwé náà, lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí àpò lẹ́bàá odò. Èèpo rẹ̀ ti ya dànù, ojú ìwé mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ sì ti bá èèpo lọ, nítorí náà n kò mọ ẹni tó kọ ọ́ títí dòní. Ọ̀rọ̀ àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè ló wà nínú rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé a ti di orílẹ̀-èdè. Èmi fẹ́ mọ ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe bó bá jí láàárọ̀.

Aláró ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ sílé ọkọ ní Bẹ́yẹrúnkà, òyìnbó inú ìwé yẹn sì le. Ojú ìwé méjì ni mò ń kà lójúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lórí itan mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé náà pè ní lìbẹ́rálì àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ogun kì í ṣe àyànmọ́. Wọ́n ní ọmọ ènìyàn ní làákàyè, pé bí orílẹ̀-èdè méjì bá ń rà, tí wọ́n ń tà fún ara wọn, ìjà yóò pa àwọn méjèèjì lára, nítorí náà wọn yóò rọra. Mo dìde dúró. Mo mọ ibẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ni mò ń gbé!

Ẹ wò ó: agbo ilé tó kángun sí tiwa ni àwọn obìnrin ti ń ṣe eérú. Wọn a pò ó pẹ̀lú omi, wọn a mọ ọ́n róbóróbó, wọn a sun ún nínú ààrò alámọ̀. Àwa aláró a rún un sínú ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀, a da omi lé e, ohun tó bá sì kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni à ń fi rẹ ẹ̀lú. Láìsí eérú wọn, ewé lásán ni ẹ̀lú wa. Láìsí aró wa, ta ni yóò ra eérú wọn?

Ní ọdún yẹn, Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, fi páànù tuntun bo ilé rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, omi orí páànù dà sórí ààrò wọn, ó wó o. Ọ̀rọ̀ di èébú. Mọ́gàjí tiwọn ní kí ẹnikẹ́ni má tà fún wa mọ́. Tiwa ní ẹni tó bá rà níbẹ̀, kó má wọ ilé òun.

Ìkòkò mẹ́rin ni mo ti kó ẹ̀lú sí. Aṣọ méjìlélógún ìyá kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀ wà nílẹ̀ fún Iléyá, ó sì ti sọ fún mi pé bí mo bá já òun kulẹ̀, Abẹ́òkúta ni òun yóò máa kó aṣọ òun lọ.

Ọkọ mi, tó ń ṣe káfíńtà, rẹ́rìn-ín. "Ìwé rẹ ńkọ́?"

"Bàbá wọn, ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Òwò yóò là wọ́n."

"Òwò kẹ̀? Ẹni tí apá rẹ̀ le ni yóò làjà."

Ọjọ́ kẹta kọjá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìfòòfò elésè àlùkò orí ìkòkò kan wálẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yí padà. Aró inú rẹ̀ ti kú, nítorí kò rí omi eérú. Mo gbé ìwé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Mọ́gàjí wa, mo túmọ̀ ojú ìwé kan gbáko fún un.

"Òyìnbó tó kọ eléyìí," ló bi mí, "ṣé òjò ń rọ̀ nílùú rẹ̀?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ẹ̀rín pa mí.

Mo padà sídìí ìwé tìbínú-tìbínú. Orí kan wà tí mo ti fò tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn inú rẹ̀. Àwọn lìbẹ́rálì kan náà ló wà níbẹ̀, wọ́n ní òwò nìkan kò tó: níbi tí ẹni tó ń kéde ogun kò bá ti jẹ́ ẹni tí yóò jìyà rẹ̀, ogun kì í wọ́n. Ẹ bi àwọn tí yóò jìyà ná, kí ẹ sì fi òfin tí gbogbo yín fọwọ́ sí dè é. Mo pariwo débi pé ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sá jáde.

"Ejò ni?"

"Ìyálé mi, ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó pa ọjà eérú?"

"Wọ́n bi ọ́ ni? Àbí wọ́n bi mí?"

Ọmọ bíbí ilé eléérú ni ìyálé mi. Ìyàwó ni nílé wa, ẹnu rẹ̀ kò sì tólẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé bàbá rẹ̀, kò sí ọkùnrin tó lè ní kó dákẹ́. Àwọn mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ilé wa méjì sì wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún. Ìyálé mi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ náà; lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, oníkálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ ilé wa méjèèjì jókòó sórí ẹní Mọ́gàjí wa gan-an.

"Ṣé ẹ̀yin obìnrin ni yóò máa pàṣẹ fún mi nílé bàbá mi?"

"Ilé bàbá tèmi náà ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ bínú, ọmọ mi ni ebi ń pa. Ẹ̀ bá ti bi mí, ǹ bá sọ fún yín pé kí ẹ yí ojú páànù síbòmíì."

Mọ́gàjí yọ fìlà, ó tún un dé. "Káfíńtà dà?"

Ọkọ mi ló yí ọ̀nà omi páànù náà sójú títì. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn Mọ́gàjí méjèèjì ti gbà lójú gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò ní pa ọjà eérú mọ́ láìjẹ́ pé ó bi àwọn obìnrin ilé méjèèjì. Mo fẹ́ẹ̀ fò sókè! Ohun tó wà lójú ìwé náà gan-an nìyẹn!

Ìkòkò mẹ́ta yè. Mo rẹ aṣọ mọ́kàndínlógún kí Iléyá tó dé. Ìyá Ìdí Arẹ̀rẹ̀ wá, ó kà á, ó tún un kà.

"Mẹ́ta dà?"

Mo ní ó di lẹ́yìn ọdún. Ó wo ọwọ́ mi tó dúdú títí dé ìgúnpá, ó pòṣé, ó sì kó aṣọ méje mìíràn sílẹ̀ fún mi.