Àtíbàbà Àwọn Ọlọ́ṣẹ

Ní Warehouse Road, ní Àpápá, èéfín dísù àwọn tírélà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ó máa ń wọ inú aṣọ, kì í tètè lọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí n máa gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn. Àmọ́ tó bá di Sátidé, mo máa ń sọdá sí Ajégúnlẹ̀, sábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan tí àwọn obìnrin ti ń se ọṣẹ. Mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè di ọjà wọn kó fani mọ́ra, n kì í sì í gba kọ́bọ̀. Òórùn epo àgbọn tó ń hó níbẹ̀ máa ń tù mí lára.

Lọ́dún kan, ó ti rẹ̀ mí, irú àárẹ̀ tí oorun ò lè wò. Ìgbà náà ni ọ̀gá iléeṣẹ́ akẹ́rù kan, tó jẹ́ oníbàárà mi tó tóbi jù, sọ pé àwọn ti rí ilẹ̀ tí àwọn fẹ́ máa kó kọ̀ǹténà sí, lọ́nà Kirikiri. Onílẹ̀ ti gbà láti tà á, èmi ni kí n lọ wò ó, kí n sì bójú tó gbogbo ètò rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ dúró, iwájú àtíbàbà yẹn la wà. Ọṣẹ tí a jọ gé ní Sátidé wà lórí pákó, wọ́n ń sá a. N kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Mo pinnu pé n ó kọ iṣẹ́ náà. Mo lọ sọ fún ìyá tó jẹ́ olórí wọn, opó kan tó ti Ìsẹ́yìn wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo rò pé yóò súre fún mi ni. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó bi mí bóyá onílẹ̀ kò ní tà á mọ́ tí mo bá kọ̀. Mo ní yóò tà á.

"Má kọ̀ ọ́ nígbà náà, ọmọ mi," ó ní. "Ẹni tí wọ́n máa gbé e fún lẹ́yìn rẹ ò mọ̀ wá rí. Katakata tí wọ́n fi ń wó ilé ló máa kọ́kọ́ rán sí wa."

Bí mo ṣe gbà á nìyẹn. Mo wá di ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọ́fíìsì ọ̀gá àti àtíbàbà. Ọ̀gá ní ilẹ̀ lòun gbà mí fún, òun ò gbà mí fún ọṣẹ. Mo ṣáà ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ibòmíràn fún wọn, mo ń fi yé e pé kò dára kí wọ́n fi ìjà wọ àdúgbò. Níkẹyìn, ó fún wọn ní igun kan lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí òjò dá kí wọ́n tó kó. Ibẹ̀ kéré, ó sì jìnnà sí omi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn wò mí lójú. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ mú àwọn tó ra ilẹ̀ yìí wá?"

Ìyá yẹn ti gbé ìkòkò tiẹ̀ sórí, ó ti ṣíwájú, àwọn kan sì tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ò dé ibi tuntun náà rárá, tí a bá sì pàdé lójú ọ̀nà, wọn kì í kí mi.

Mo ṣì ń lọ ní Sátidé, ó sì ṣì ń rẹ̀ mí. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ọwọ́ òun mọ́. Ìyá yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé, ká ní mo kọ iṣẹ́ náà, orúkọ ara mi nìkan ni ǹ bá gbà là.