Ìwé Tí Wọ́n Ní Ó Ju Ọjọ́ Orí Ọmọ Lọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbàgbọ́ pé ẹni tó bá pa ìwé dé mọ́ ọmọ lójú, ọ̀tá ọmọ náà ni. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, èmi sì ń kọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Iléṣà. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi nípa ọmọ títọ́, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bí ẹyọ kan.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ògbólógbòó ìwé sílẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni mo ti ra ìwé náà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìtàn ìlú kan tí kò tíì sí ni, ní ayé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ní ìlú náà, gbogbo ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sọ ohun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ nídìí oúnjẹ. Òbí tí ẹjọ́ rẹ̀ bá burú, a kì í rí i mọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wá kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní sọ, wọ́n sá wọ igbó lọ wá ìlú mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń kà á fún àwọn ọmọ, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń kà á. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Àwọn tó máa ń bá ìyá wọn lọ sóko lọ́jọ́ Ẹtì kò lọ mọ́.

Ó kù díẹ̀ kí ìtàn náà parí nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ìwé mi lórí tábìlì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú dúrọ́ọ̀ mi ni mo fi í sí.

"Ẹnìkan wá bá mi," ni ó wí. "Ó ní ìwé yìí ju ọjọ́ orí àwọn ọmọ lọ."

"Ta ni, sà?"

"Ẹni tó bímọ ni."

"Ṣé onítọ̀hún ti kà á?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kà á fún ọmọ rẹ̀, tíṣà."

Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní bí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti yọwọ́, òun á dá a padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ kò ní gbọ́ òpin rẹ̀ láéláé.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Tíṣà kíláàsì karùn-ún ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá, nítorí ògiri kan ló là wá láàárín, ó sì máa ń gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ògiri ọ̀hún lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ kejì ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, aya òyìnbó. Ṣé ẹ ò ní kàwé fún wa mọ́ ni?" N kò mu omi nínú ìkòkò rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Títí di òní, n kò tíì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti ní ẹni tó bímọ ni. Mo bá ra bísíkíìtì, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ń pe àwọn ọmọ kíláàsì mi níkọ̀ọ̀kan. "Kí ni wọ́n ń sọ nípa ìwé wa nílé yín?" Wọ́n sọ ju ohun tí mo bi wọ́n lọ. Mo gbọ́ ti bàbá tó ń bú ọ̀gá ilé-ìwé, mo gbọ́ ti ìyá tó ní olè ni àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kò fi fẹ́ jókòó ti ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abẹ́ igi. Mo rí i, mo sì rò pé wọ́n ń gbọ́n sí i ni.

Níkẹyìn ni ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé jù nínú wọn wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ni, mà. Wọ́n ní kí n má sọ." Mo fọwọ́ pa á lórí. Mo fún un ní bísíkíìtì méjì.

Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta àwìn káàkiri, tí wọ́n sì máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Iṣẹ́ tí bàbá tèmi náà ṣe nìyẹn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà, mo gbé báàgì mi lé itan.

"Tíṣà, ẹ dìde. Àga wà nílé."

"N kò wá jókòó, sà. Orí òṣòó ni màá wà títí ẹ ó fi yọwọ́ lọ́rọ̀ ìwé mi."

Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní ojúlé kejì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá aláṣọ, irú yín ló wá bá yín lálejò lónìí."

Bàbá aláṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi àti ọ̀gá yín nìkan la jọ sọ ọ́. Ta ló wá sọ fún yín?"

"Ọmọ yín ni."

Ó wẹ̀yìn. Ọmọ náà dúró sídìí kọ́tìnì, ó di etí rẹ̀ mú.

"Ṣé ó wá bá yín sọ ọ́ ni?"

"Mo bi í ni, sà."

Ó yíjú padà sí mi. "Mo sọ fún ọ̀gá yín pé ìwé yẹn á kọ́ ọmọ láti máa ta òbí rẹ̀. Ó ní n kò gbọ́ ọ yé, pé ńṣe ni àwọn ọmọ inú rẹ̀ sá fún irú ìwà bẹ́ẹ̀." Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, òun náà lóṣòó, ojú wa ṣe déédéé. "Ẹ dìde, tíṣà. Mo ti yọwọ́, màá fẹnu ara mi sọ fún ọ̀gá yín. Ẹ lọ gba ìwé yín."

Mo gbà á. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo ka ìtàn náà parí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dé ìlú mìíràn, ìtàn náà dùn parí. Mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Kò sí ẹni tó nawọ́. Ọmọ aláṣọ kò wá, wọ́n ti mú un lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

Bàbá aláṣọ ti kú báyìí. Wọ́n pè mí síbi ìsìnkú rẹ̀, n kò lọ. Ẹni tó bá yára yọwọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó ń wá. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Wọ́n ti ń tẹ ọjọ́ orí sẹ́yìn ìwé àwọn ọmọdé nísinsìnyí: ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá gbé irú rẹ̀ wálé, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn, màá yí i síwá, màá yí i sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹni tí yóò kà á fún wọn sí. N kò tíì rí i.