Ohun Tó Wà Nínú Ife Uncle Sàká

"Uncle, ṣé ọtí wà nínú àgbo yín?"

Primary Five ni mo wà nígbà tí mo bi Uncle Sàká ní ìbéèrè yìí. Ó pẹ́ kí n tó lè lanu béèrè. Àwọn ni wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa, èyí tó ń kó àwa ọmọ Kétu àti Ìkòsì lọ sí Magodo láràárọ̀. Wọ́n wò mí nínú díńgí, wọ́n ní kí n jókòó dáadáa, wọ́n sì tẹná mọ́tò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Aṣọ òfì híhun ni bàbá wọn kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ọkàn wọn ń fẹ́. Yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ilé kan náà ní Ìkòsì. Tàwàkálítù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni ọ̀rẹ́ mi. Màmá mi ń kọ́ni ní ilé ìwé náà; bàbá Tàwàkálítù ń wakọ̀ fún wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba àwa méjèèjì síbẹ̀. N kò tíì rí awakọ̀ tó ní sùúrù bíi Uncle Sàká. Tí ọmọ bá gbàgbé ìgò omi rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Tí àwọn dẹ́rẹ́bà yòókù bá fi bíà lọ̀ wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ẹ máa mu tiyín. Mùsùlùmí ni mí."

Ṣùgbọ́n ìdí ń dùn wọ́n nítorí àjókòópẹ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó wá kó wa, wọ́n á yà lọ́dọ̀ Aunty Sẹ̀kínát, alágbo tó wà ní ẹ̀yìn ilé wa. Aunty Sẹ̀kínát á bi wọ́n bó ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn: "Olómi àbí ọlọ́tí?" Wọn kì í fẹnu dáhùn. Wọ́n á kàn tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà, wọ́n á da ife kan sẹ́nu, wọ́n á sì ju súìtì lé e. Lọ́jọ́ tí mo rí wọn níbẹ̀ ni mo bi wọ́n. Nígbà tí wọn ò dáhùn, ojú tì mí. Mo rò pé mo ti rí àgbà fín, n kò sì sọ fún màmá mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí taya bọ́ọ̀sì wa fi gun ẹ̀bá títì lẹ́ẹ̀mejì ní Kétu. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó rí i, wọ́n dá wa dúró. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan, na ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí sí Uncle Sàká.

"Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, sà."

"Torí kí ni, Madam? Alálùwàlá ni mí. N kì í mutí."

"Ẹ ṣáà fẹ́ ẹ."

Wọ́n fẹ́ ẹ. Madam wo ẹ̀rọ náà, ó ní kí wọ́n tún un fẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

"Alálùwàlá, ọmọ mélòó lẹ kó?"

"Méjìdínlógún."

"Pẹ̀lú ohun tí ẹ mu yìí?"

"Àgbo ni, Madam. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni."

Kelvin, tó jókòó sẹ́yìn mi, ní, "Uncle ti yó o," ni gbogbo bọ́ọ̀sì bá bú sẹ́rìn-ín. Tàwàkálítù fi báàgì rẹ̀ bojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, títí di òní ló sì ń dùn mí.

Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé Uncle Sàká, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìwakọ̀ wọn. Ilé ìwé gba bọ́ọ̀sì. Tàwàkálítù kó ìwé rẹ̀, ó lọ sí ilé ìwé ìjọba. Láti ìgbà yẹn, apẹ̀rẹ̀ tòmátò ni bàbá rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára ọkọ̀ ní Mile 12, tàwọn ti ìdí dídùn yẹn. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ Aunty Sẹ̀kínát mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní, "Nítorí àgbo lásán ni." Àwọn èèyàn á káàánú wọn, wọ́n á ní ìyà aláìṣẹ̀ ni. Uncle Sàká á tẹrí ba. Bí mo bá sì wà nítòsí, wọ́n á wọ yàrá lọ.

Ó di ọdún méje. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti Tàwàkálítù ń lọ ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì ní Anthony. Gafar, ọmọ onílé wa, ló fẹ́ fi ọkọ̀ kòròpé rẹ̀ gbé wa. A ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tó ti ẹ̀yìn ilé dé, tó ń nu ẹnu. Màmá mi, tó sìn wá dé ẹnu ọkọ̀, gbóòórùn rẹ̀.

"Gafar, o mutí láàárọ̀ yìí?"

"Ọtí kẹ̀, Mummy? Àgbo ni. Ẹ bi Bàbá Tàwà, àwọn gan-an mọ̀ pé àgbo kì í ṣe ọtí. Ṣebí wọ́n fìyà jẹ wọ́n lórí ẹ̀ lásán ni."

Gbogbo wa yíjú sí Uncle Sàká, tí wọ́n ń run pákò lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní wọ́n kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi ì bá jẹ́ ká lọ. Wọ́n tu ohun tó wà lẹ́nu wọn dànù, wọ́n rìn wá síbi ọkọ̀, wọ́n sì na ọwọ́ sí Gafar.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ah ah, Bàbá, ẹ wojú mi. Ṣé ojú mi ò dá ni?"

"Ojú tèmi náà dá lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ wọkọ̀ ní títì, ẹ ò tíì pẹ́."

Mo bọ́ sílẹ̀, Tàwàkálítù tẹ̀ lé mi. Bàbá rẹ̀ ò lè wo ojú rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọjú sí, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń wò.

"Ìwọ lo bi mí nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "Ọtí ni. Mo sì mọ̀ pé ọtí ni."