Ogún Òkúta Tí Síkírù Tò

Síkírù ọmọ Ìbàdàn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òkúta ló ń tò sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní North York, lókè òkun. Orúnkún rẹ̀ mọ òtútù ìlú náà ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Láàárín ilé alájà gíga kan àti ibùdókọ̀, ó to ogún òkúta aláràbarà. Adépéjú, ọ̀dọ́ ayàwòrán tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ya iṣẹ́ náà sórí ìwé. Ó ní àwọn ọmọdé yóò máa ka òkúta, wọn yóò máa ṣeré, wọn yóò sì máa kọ́ ìṣirò. Ó wá gbé pátákó àlàyé kan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bí ìrẹsì inú àpò, pátákó náà sì ga ju àwọn ọmọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọmọ kankan ò kà á. Alábòójútó ilé ní bó bá di Friday tí òun ò rí ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀, kí wọ́n hú òkúta, kí wọ́n da ọ̀dà títì síbẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Adépéjú bi í.

"Ṣé pátákó ni wọ́n fẹ́ kà ni, àbí eré ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Ẹ má bú mi, sà."

"Mi ò bú ẹ. Mú ṣọ́ọ̀kì wá."

Síkírù kọ nọ́ńbà sórí òkúta, láti 1 dé 20. Ó pe Ìdẹ̀raolúwa, ọmọ ọdún méje tó ń gbé nínú ilé náà.

"Lọ dúró sórí mẹ́tàdínlógún."

"Seventeen? Easy." Ọmọ náà sáré débẹ̀.

"O ti kú. Ogún dín mẹ́ta nìyẹn. Kọ́kọ́ dé ogún, kí o wá fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta."

"Backwards? Grandpa, who counts like that?"

"Bàbá ńlá ẹ."

Ọmọ náà gbìyànjú, ó fìdí jókòó, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di Thursday, ọmọ mẹ́rìnlá ló tò sílà. Ọmọ Ṣáínà kan ń pariwo "méjìdínlógún" bí ẹni tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn.

Ní Friday, alábòójútó dé. Ó fi bàtà dídán tẹ òkúta kejìdínlógún tààrà.

"You're dead, mister," ni Ìdẹ̀raolúwa wí, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án.

Ọkùnrin náà wòtún, ó wòsì. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó dé ogún, ó fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ó já sórí mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọmọ lé e lọ sí ìdí ìlà.

Adépéjú sún mọ́ Síkírù. "Bàbá, ṣé ó ti sọ nǹkan kan nípa òkúta?"

"Kò tíì ráyè. Ó ku ọmọ mẹ́ta kó kàn án."