Ààlè Orí Àpáta

Gbodo tó ti gbẹ láti àná ń dún kàràkàrà bí ìyá ìyá mi ṣe ń da agbọ̀n rẹ̀ sórí àpáta. Èyí tuntun, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí a sì bọ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, òórùn iṣu gbígbóná sì ń jáde lára rẹ̀. Oòrùn ò tíì ga lẹ́yìn òkè, àpáta ṣì tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Ìyá àgbà nà gbọnrangandan, ó fọwọ́ bojú wo ọ̀run, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń gbàdúrà: “Make hay while the sun shines.”

“Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní hay?”

“Koríko gbígbẹ ni.”

“Ta wá ni í sá koríko?”

“Òyìnbó ni. Wọ́n ń sá a pa mọ́ fún ẹran wọn, torí òtútù máa ń pa gbogbo ewé ilẹ̀ wọn.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán. “Ìwọ fi òyìnbó àti koríko rẹ̀ sílẹ̀, kí o tẹ́ gbodo rẹ. Oòrùn kì í dúró de ọ̀lẹ.”

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà náà. Ní Ìdáàṣà tiwa, ìlú tí àwọn Faransé ṣàkóso tẹ́lẹ̀, èdè Faransé ni èdè ìwé, òun ni olùkọ́ wa tí à ń pè ní mẹ̀tìrì fi ń kọ́ wa, òun náà ló fi ń bú wa. Ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé rárá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Góòlù Kóòsì, ó ń fọṣọ, ó ń lọ aṣọ fún arábìnrin àgbàlagbà kan tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ yìí kì í bá ènìyàn wí lásán. Bó bá ti bá a wí tán, á fi òwe Gẹ̀ẹ́sì kan dè é. Nígbà tí ọkọ kú, tí Ìyá àgbà padà wálé, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan àti àwọn òwe yẹn ni ẹrù tó rù gun òkè wa.

A ò mọ̀ bóyá ó ń pè wọ́n bó ṣe yẹ. Ta ni ìbá sọ fún wa? Mẹ̀tìrì pàápàá kò gbọ́ ọ. Létí àwa ọmọdé, ó dà bíi Látìn tí àlùfáà ń sọ ní Máàsì: a ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń pa ẹnu mọ́. Òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, kò sì sígbà kan tó túmọ̀ rẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹnu iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo da epo nù ní ìdáná tí mo bú sẹ́kún, ó ní: “No use crying over spilt milk. Wàrà ni tòyìnbó, epo ni tìrẹ. Bu eérú bò ó, kí o lọ fọ ìgò.” Bí a bá ru agbọ̀n dé ibi tí àpáta là, níbi tí ejò máa ń sá sí, á ní: “Look before you leap.” Mo máa ń wò lóòótọ́. Títí dòní, n kì í fò kọjá gọ́tà láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Orí àpáta yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀. Èédú la fi ń fa ìlà sí i. Opó kan tó ní ọmọ kéékèèké mẹ́ta ló múlé tì wá, àyè rẹ̀ sì fara kan tiwa. Òun àti Ìyá àgbà ti jà nítorí ìlà yẹn, wọ́n jà débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, òjò kan tí kò yẹ kó rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ṣàdédé rọ̀ nígbà tí àwa lọ kí àbúrò ìyá mi ní Akofojulé. Opó náà kó gbodo tirẹ̀, ó fi tiwa sílẹ̀ fún òjò. Ó bu, ó dúdú, ó ń korò. Kí iṣu tuntun tó jáde lọ́dún náà, a rí ebi. Ìyá mi á gbé oúnjẹ fún wa, á ní òun ti jẹun lóko, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, opó náà ní gbodo òun ń dín. Bóyá ewúrẹ́ ni o, bóyá ọmọ aráyé ni, n kò mọ̀. Ó bá pa ààlè sí i: ó fi àkísà pupa di ṣùkù àgbàdo mọ́ àjákù ọwọ̀, ó gbé e sórí òkúta láàárín gbodo rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé àwa ló ń bá wí. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan tí ààlè yẹn ń ṣọ́, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a. Ìyá àgbà ń lọ sí Máàsì, ó sì ní ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́rùn, ṣùgbọ́n bó bá dé ẹ̀gbẹ́ ààlè náà, á ká ìró rẹ̀ sókè kí etí aṣọ má baà kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá túfọ̀ fún opó náà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Sokilogbó. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, afẹ́fẹ́ yí padà. Òórùn erùpẹ̀ tútù dé ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ìkùukùu dúdú yọ lẹ́yìn òkè. Ó di bí o ò lọ, yà fún mi. Tọmọdé tàgbà ló sáré gun àpáta pẹ̀lú agbọ̀n. Ìyá mi wà lóko, èmi àti Ìyá àgbà nìkan la wà nílé. A ti kó bí ìdajì tiwa nígbà tí Ìyá àgbà dúró. Gbodo opó náà funfun nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò yà síbẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká máa kó o. Òjò ń bọ̀.”

“Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ńkọ́?”

“Òun náà fi tiwa sílẹ̀ lésìí.”

Ó yíjú sí mi. “Two wrongs don't make a right,” ó ní. Ó rí i pé kò yé mi. “Ó fi tiwa sílẹ̀, ebi pa wá. Bí mo bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, ṣé ebi ti ọdún èsí á kúrò níkùn rẹ? Ebi kejì la ó kàn fi kún un.”

Ó gbé agbọ̀n, ó rékọjá ìlà èédú. Obìnrin kan ké sí i láti òkè pé, “Ìyá, ààlè ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe ara yín.” Mo fẹ́ tẹ̀lé Ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. “Má fọwọ́ kan ẹyọ kan níbí. Tiwa ni kí o máa kó.”

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ṣùkù àgbàdo àti àkísà yẹn. Mo gbọ́ ohun tó sọ: “Ìwọ tí wọ́n fi ṣọ́ oúnjẹ ọmọ òrukàn, wò mí dáadáa. Olè ni wọ́n ní kí o mú. Ọ̀sán gangan ni mo wá, gbogbo ayé ń wò mí, ilé ni mò ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Bí mo bá purọ́, ṣe iṣẹ́ rẹ.” Ó na ọwọ́, ó mú ẹyọ àkọ́kọ́. Mo rò pé yóò ṣubú lójú mi. Kò ṣubú. Ó mú òmíràn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbá wọn sínú agbọ̀n.

Òjò dé. Èmi nìkan ò lè kó tiwa tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ rin mọ́ àpáta. Gbogbo ti opó náà ló wọlé. Orí ẹní tí Ìyá àgbà ń sùn ló dà á sí, ó wá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí a gbọ́ igbe opó náà lórí àpáta. Ó ti padà dé, ó bá ilẹ̀ lófìfo. Ìyá àgbà ní: “Sáré lọ pè é, kó tó ṣépè.” Mo mú un wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo gbodo gbígbẹ lórí ẹní, ó wo tiwa tó rin nínú agbọ̀n.

“Ìyá, ta ló fọwọ́ kàn án?”

“Èmi nìkan ni.”

Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ńṣe ló fi ọwọ́ lé orí, ó sáré padà sínú òjò. Ó gbé ààlè náà wá, ó fi eyín tú àkísà rẹ̀, ó sì ju gbogbo rẹ̀ síná ìdáná wa. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, “Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ní kó mú.” Irọ́ ni, gbogbo wa sì mọ̀. Kò padà sílé rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú yàrá wa, òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹsẹ̀ Ìyá àgbà.

Kí oorun tó gbé mi lọ, mo sún mọ́ Ìyá àgbà létí. Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ààlè náà kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

“N ò mọ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Ilẹ̀ ò tíì mọ́.”

Ilẹ̀ mọ́. Kí n tó jí, ó ti wà lórí àpáta, ó ń yọ èyí tó ṣì dára nínú gbodo wa sọ́tọ̀. Opó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a ṣà á. Òjò ti fọ ìlà èédú, kò sì sẹ́ni tó tún un fà nínú wọn.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ gbólóhùn ọjọ́ yẹn, “Two wrongs don't make a right,” wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tó mọ ohun tó dára pọ̀ láyé, èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ Ìyá àgbà lọ́jọ́ náà nígbà tó na án sí gbodo yẹn: Ìyá àgbà kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ yóò mọ́ bá òun, síbẹ̀ ó mú un.