Ogún Fọ́ọ̀mù àti Bẹ́ǹṣì Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bíńdìn ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá títì. Mò ń tẹ projẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mò ń ṣe fọ́tókópì, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi di ìwé wọn pọ̀ pẹ̀lú páálí líle. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ wò ó, ó sú mi. Iná kì í sí. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Bébà ti di ọ̀wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń tò síwájú mi tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti ń fi fóònù fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi náà tún wá ń dùn mí tí mo bá ti fi abẹ́rẹ́ gún ìwé mẹ́ta. Mo ní, ó tó gẹ́ẹ́! Mo bá ọkùnrin kan ní Òkè-Ogbó sọ̀rọ̀ pé kó wá ra ẹ̀rọ fọ́tókópì àti ẹ̀rọ tí mo fi ń gé ìwé, kó gbé wọn lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ta ló kàn?

Ó ku ọ̀la kó dé ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé, Tómi lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, mo ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀. Ó ní ohun tí projẹ́ẹ̀tì òun dá lé ni ipa tí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé ń kó nínú ọrọ̀ ajé tó ń dàgbà. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí mo ti di àkọlé yẹn pọ̀? Mo ti mọ orí kìíní rẹ̀ sórí!

Ó wá yọ ogún fọ́ọ̀mù jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ àti oníṣòwò. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ kó o fún olùkọ́ rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fíìlì ẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo máa ń bá wọn ṣe é. Ẹ má bínú! Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń wá, mi ò ní dárúkọ. Tí wọ́n bá ti pẹ́, tí kò sí àyè mọ́, èmi ni màá jókòó ti báírò búlúù, dúdú àti pupa, tí màá di télọ̀, tí màá di mẹkáníìkì, tí màá di ẹni tó ń sin adìyẹ. Mo ti fi ọwọ́ òsì kọ̀wé di káfíńtà rí! Ṣé iṣẹ́ yín ń dàgbà? Gbogbo wa á ní bẹ́ẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní? Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Tó bá wá kan fọ́ọ̀mù tèmi gan-an, ẹyọ kan ni màá kọ. Èmi nìkan.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé báírò, ọwọ́ mi kọ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè jẹ́ ogún èèyàn. Èmi kan ṣoṣo pàápàá, agbára káká ni mo fi ń jẹ́ ẹ. Mo ní kí Tómi jẹ́ ká kó fọ́ọ̀mù lọ bá àwọn tó ni iṣẹ́ lóòótọ́. Ojú rẹ̀ fà ro, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràṣídà la kọ́kọ́ lọ. Màmá yìí jù mí lọ dáadáa, bọ̀ọ̀lì ni wọ́n ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi. Wọn ò gbọ́ òyìnbó, torí náà èmi ni mò ń túmọ̀ ìbéèrè fún wọn, tí mo sì ń kọ èsì sílẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló ń ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Ṣé báńkì ni? Wọ́n ní báńkì wo? Ṣé ìjọba ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí bọ̀ọ̀lì jóná mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹbí ńkọ́? Wọ́n ní ẹbí gan-an ló ń wá gba tọwọ́ àwọn. Mo ní ó ku ibi tí wọ́n kọ “òmíràn” sí o, ta ni kí n kọ?

“Ìwọ ni.”

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìyá Bíńdìn, kọ ara ẹ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń dúró de ìwé lọ́dọ̀ ẹ ló ń ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó o bá ti lọ sí ìrìn àjò, n kì í tiẹ̀ dáná.”

Ẹ gbà mí! Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé lọ́la ni ẹ̀rọ ń lọ? Mi ò lè sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ara mi sílẹ̀.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ Ṣọlá onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi. Òun fúnra rẹ̀ kọ tiẹ̀, Tómi sì kà á sókè: wáyà tó ti ìdí jẹnẹrétọ̀ mi wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi ń mú irun oníbàárà gbẹ. Mo tiẹ̀ ti gbàgbé wáyà yẹn! Múftáù ọlọ́kadà, tó máa ń gbé ìwé tí mo bá dì lọ fún àwọn tó ni ín, náà ní iwájú mi lòun ti ń rí iṣẹ́ òòjọ́ òun.

Kí n sọ òótọ́, inú mi ò dùn. Inú bí mi! Ta ló ní kí wọ́n gbé ẹrù wọn lé mi lórí? Èmi tí mò ń wá ibi tí màá sọ tèmi kalẹ̀ sí! Omijé bọ́ lójú mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti àárẹ̀ nínú ẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tiwọn.

A rìn títí dé ìparí títì, fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún la rí kọ. Mo ní kí Tómi fi ẹyọ tó kù sílẹ̀ fún mi. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni Ìyá Ràṣídà pè wá, wọ́n ní ṣé kò ku ìbéèrè kankan ni. Lóòótọ́, ọ̀kan wà lẹ́yìn ìwé: kí lẹ fẹ́ ṣe láti mú iṣẹ́ yín gbòòrò? Wọ́n ní àwọn ti ní kí káfíńtà kan bẹ́ǹṣì, káwọn ọmọ tó ń dúró dè mí lè máa rí ibi jókòó jẹ bọ̀ọ̀lì. “Ìn ṣáà Allah, ọ̀la ló ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ ni mo fẹ́ gbé e sí, tí kò bá ti dí ẹ lọ́wọ́.”

Ọ̀la dé. Ọkùnrin Òkè-Ogbó gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó ti wọ́ ẹ̀rọ fọ́tókópì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì dé lórí. Ìyá Ràṣídà wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. Wọ́n kàn yíjú sí káfíńtà, wọ́n rọra ní kó má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó pa mí nìyẹn. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Mo ní kí káfíńtà sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo jókòó lórí ẹ̀, mo sì bẹ ọkùnrin náà pé kó bá mi dá ẹ̀rọ padà sí àyè rẹ̀. Ó pòṣé, ó sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa, mo gbà. Ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí Tómi wá kó fọ́ọ̀mù rẹ̀, mo kọ tèmi lójú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè òṣìṣẹ́, mo kọ ẹyọ kan bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo fagi lé e, mo kọ mẹ́rin: èmi, Ìyá Ràṣídà, Ṣọlá àti Múftáù.

Ó ṣì ń rẹ̀ mí o! Iná ò tíì dé, ọrùn ọwọ́ ò sì yé dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣọlá ti ń bá mi gún ìwé nígbà tí kò bá sí oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọrọ̀ ajé tí wọ́n ní ó ń dàgbà yẹn, mi ò tíì rí i kó gba Mayfair kọjá. Ohun tí mo rí kọ́ ò ju pé mo ti ń ka ara mi sí ẹnì kan ṣoṣo láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì kà á dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yín tẹ́ ò kà mọ́ ara yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Tí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ má bínú, àwọn ọmọ kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń dúró de ìwé.